Nígbà Tí Ará Inú Ilé Bá Sọ̀rọ̀: Ìwé Tí Àwọn Aláṣẹ Àná Ń Kọ

Ní ogúnjọ́ oṣù kejì ọdún 2025, àwọn tó ti ṣe olórí Nàìjíríà rí péjọ sí gbọ̀ngàn kan nílùú Àbújá. Yakubu Gowon, Abdulsalami Abubakar àti Goodluck Jonathan wà níbẹ̀. Olusegun Obasanjo ni alága ètò. Ààrẹ Bola Tinubu náà yọjú. Yemi Osinbajo, igbákejì ààrẹ àná, ló dìde láti ṣàlàyé ohun tó wà nínú ìwé tí gbogbo wọn tìtorí rẹ̀ wá. Orúkọ ìwé ọ̀hún ni A Journey in Service. Ibrahim Badamasi Babangida, tó ṣèjọba láti 1985 di 1993, ló kọ ọ́.

Owó tí àwọn olówó ṣèlérí lọ́jọ́ náà fún ilé ìkàwé tí wọ́n fẹ́ kọ́ lórúkọ rẹ̀ ju bílíọ̀nù 15 náírà lọ. Àmọ́ ní Abẹ́òkúta, Èkó àti Ìbàdàn, owó kọ́ ni àwọn èèyàn tẹ́tí sí. Gbólóhùn kan ni wọ́n ti ń dúró dè láti ọdún 1993, ó sì wà nínú ìwé náà: Moshood Kashimawo Abiola ló wọlé nínú ìbò ààrẹ ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, èyí tí ìjọba Babangida wọ́gi lé. Ìbò tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ ni Abiola ní. Ti Bashir Tofa, alátakò rẹ̀, kò tó mílíọ̀nù mẹ́fà.

Nígbà tí gbólóhùn yìí máa fi jáde, Abiola ti kú sí àtìmọ́lé láti ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 1998. Wọ́n ti yìnbọn pa Kudirat, ìyàwó rẹ̀, ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 1996. Frank Kokori, tó kó àwọn òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì jáde fún ìyanṣẹ́lódì nítorí ìbò náà, ti kú ní 2023. Humphrey Nwosu, alága àjọ tó ṣètò ìbò náà, kú ní 2024, kò rí ọjọ́ tí ẹni tó gbé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́ fi òǹtẹ̀ lu èsì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí oníròyìn ẹnu géètì kò lè rí

Irú ìwé yìí yàtọ̀ sí ìtàn ìgbésí ayé lásán. Ẹni tó kọ ọ́ ti jókòó nínú yàrá tí wọ́n ti ń pàṣẹ, ó ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ kí àṣẹ tó jáde, ó sì mọ ẹni tó takò ó àti ẹni tó dákẹ́. Ó lè jẹ́ ààrẹ, mínísítà, gómìnà, ọ̀gá ológun tàbí agbẹnusọ ìjọba. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà yẹn ni òǹkọ̀wé ń ṣèlérí láti sọ.

Ní Nàìjíríà, ìlérí náà wúwo ju bó ṣe wúwo ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lọ, nítorí pé ibòmíràn tí aráàlú ti lè rí òtítọ́ kò pọ̀. Ìgbìmọ̀ tí Obasanjo gbé kalẹ̀ ní 1999 lábẹ́ Adájọ́ Chukwudifu Oputa gbọ́ ẹ̀sùn ìfìyàjẹni láti ìgbà àwọn ológun, ó sì fi àbọ̀ jẹ́ ìjọba ní 2002. Títí di òní, ìjọba kò tẹ àbọ̀ náà jáde fún aráàlú. Àbọ̀ ìgbìmọ̀ Pius Okigbo lórí bílíọ̀nù 12.4 dọ́là owó epo, tí wọ́n fi lélẹ̀ ní 1994, di ohun tí àwọn ìjọba tó tẹ̀ lé e ní àwọn kò rí.

Ìgbìmọ̀ Oputa pe Babangida kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Kò lọ; ilé ẹjọ́ ló gbà lọ. Ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ìdájọ́ 2003 sì fi hàn pé ìgbìmọ̀ náà kò ní agbára láti fi ipá mú un wá. Èyí ló yẹ kí òǹkàwé fi sọ́kàn bó bá ṣí ìwé ọdún 2025: ẹ̀rí tí ọkùnrin náà kọ̀ láti jẹ́ níwájú agbẹjọ́rò tó lè bi í ní ìbéèrè, ó wá jẹ́ ẹ nínú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ yan ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí yóò parí sí. Ọ̀rọ̀ ta ló pa Dele Giwa, akọ̀ròyìn tí bọ́ǹbù inú àpò lẹ́tà pa ní Èkó ní oṣù kẹwàá ọdún 1986, wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá parí ìwé náà kò mọ̀ ju ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ.

Láti ojú ogun ni irú ìwé yìí ti gbilẹ̀

Obafemi Awolowo ti tẹ ìtàn ara rẹ̀ jáde ní 1960, kété lẹ́yìn tó kúrò nípò Prímíà Ìwọ̀-Oòrùn. Ṣùgbọ́n ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970 ló sọ ìwé ìrántí di ohun tí àwọn aláṣẹ fi ń bára wọn jà. Obasanjo gbé ìjọba sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1979; ìwé rẹ̀, My Command, jáde ní 1980. Lọ́dún kan náà ni Alexander Madiebo, tó ṣe olórí ọmọ ogun Biafra, tẹ tirẹ̀ jáde. Ní 1981, Adewale Ademoyega àti Ben Gbulie, tí wọ́n wà lára àwọn ológun tó dìtẹ̀ gbàjọba ní oṣù kìíní ọdún 1966, sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é.

My Command bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1969 ni Obasanjo gba ẹ̀ka ọmọ ogun 3rd Marine Commando lọ́wọ́ Benjamin Adekunle, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Black Scorpion, oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni ogun parí. Àwọn tó ti jà pẹ̀lú Adekunle gbà pé ìwé náà bu iṣẹ́ ọ̀gá wọn kù. Lẹ́tà ogun Adekunle jáde ní ìwé ní 2004. Ní 2013, Godwin Alabi-Isama, tó jẹ́ igi lẹ́yìn ọgbà Adekunle lójú ogun, gbé ìwé gbàǹgbà kan jáde, The Tragedy of Victory, tòun ti àwòrán àti máàpù, ó sì ń já My Command ní koro lójú ewé dé ojú ewé.

Ọdún 33 ló wà láàárín ìwé Obasanjo àti èsì Alabi-Isama. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìwé kìíní ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kà, òun ni àwọn òpìtàn ń tọ́ka sí. Àwọn olùkọ́ ìtàn ní yunifásítì sábà máa ń kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ wọn nípa èyí: ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ̀wé ló máa ń yan ọ̀rọ̀ tí gbogbo èèyàn yóò fi sọ ìtàn náà, ẹni tó bá dé lẹ́yìn yóò sì máa fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣàtúnṣe. Bí ìwé Alabi-Isama bá ti jáde ní 1981, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ nípa ogun náà ì bá yàtọ̀.

June 12 lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀

Kò sí ọ̀rọ̀ tí ará inú ilé kọ̀wé lé lórí tó dun Yorùbá tó ọ̀rọ̀ ìbò 1993. Ohun tó hàn sí gbogbo ayé kò ṣe é jiyàn. Ní alẹ́ ọjọ́ 10 oṣù kẹfà, Adájọ́ Bassey Ikpeme ní Àbújá pàṣẹ pé kí ìbò má wáyé, lórí ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ Association for Better Nigeria ti Arthur Nzeribe pè. Nwosu àti àjọ rẹ̀ ṣe ìbò náà síbẹ̀, nítorí òfin ìdìbò kò fún ilé ẹjọ́ láyè láti dá a dúró. Èsì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ìpínlẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Àṣẹ ilé ẹjọ́ mìíràn tún dé, ìkéde èsì sì dúró. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, Nduka Irabor, akọ̀wé ìròyìn fún Augustus Aikhomu tó jẹ́ igbákejì Babangida, ka ọ̀rọ̀ láti inú ìwé pélébé kan tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí: wọ́n ti wọ́gi lé ìbò náà.

Ta ló pàṣẹ? Ìbéèrè yìí ni àwọn ìwé náà ń lé kiri.

Omo Omoruyi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Òun ni ọ̀gá àgbà ibùdó tí ìjọba dá sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa, ó sì sún mọ́ Babangida gan-an. Nínú The Tale of June 12, tó jáde ní 1999, ó fi ọ̀gá rẹ̀ hàn bí ẹni tí ẹ̀rù àwọn ológun tó yí i ká ń bà, tó sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún wọn. Nwosu dákẹ́ títí di 2008. Ìwé tirẹ̀ gbé gbogbo èsì ìbò náà kalẹ̀, ó sì fi hàn pé Abiola ló wọlé, ṣùgbọ́n kò di ẹ̀bi náà ru Babangida bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò pé yóò ṣe. Èyí bí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ nínú púpọ̀. Kokori kọ tirẹ̀ ní 2014, láti ojú ẹni tí wọ́n tì mọ́lé fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin.

Lẹ́yìn gbogbo wọn ni ti Babangida dé. Ó ní òun wà ní Kàtsínà lọ́jọ́ 23 oṣù kẹfà náà, òun lọ bá ìdílé Yar'Adua kẹ́dùn, ibẹ̀ ni òun ti gbọ́ pé wọ́n ti wọ́gi lé ìbò. Ó ní Sani Abacha, ọ̀gá ológun inú ìjọba rẹ̀, àti àwọn tó tẹ̀ lé e ló wà nídìí rẹ̀. Ó kọ ọ́ pẹ̀lú pé gẹ́gẹ́ bí olórí, òun gba ẹ̀bi gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ìjọba òun. Láìpẹ́, ìdílé Abacha fèsì pé Babangida ni olórí orílẹ̀-èdè, òun ló ni àṣẹ, àwọn kò sì ní gbà kí wọ́n di ẹrù náà ru òkú.

Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nígbà tí a bá to àwọn ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ohun mélòó kan fara hàn tí ìwé kan ṣoṣo kò lè fi hàn. Omoruyi ti sọ ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù àwọn ológun ní ọdún 26 ṣáájú kí Babangida tó sọ ọ́. Nítorí náà, a kò lè sọ pé Babangida ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò sí ìwé tó lè pa á rẹ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1993, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìwé pélébé náà, Babangida fúnra rẹ̀ bọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ó sì ṣàlàyé ìdí tí wíwọ́gi lé ìbò náà fi tọ́. Ẹni tí wọ́n bá fi tipátipá ṣe nǹkan lẹ́yìn rẹ̀ lè kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, ó sì lè dákẹ́. Èyí tó yàn ni láti gbèjà rẹ̀ lójú gbogbo ayé, kò sì kúrò lórí oyè títí di ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ. Ìjẹ́wọ́ ọdún 2025 níye lórí, ṣùgbọ́n kò lè gba ẹrù yẹn kúrò lórí rẹ̀.

Abacha kú ní oṣù kẹfà ọdún 1998. Aikhomu náà ti kú. Kò sí èyí tó lè fèsì nínú wọn.

Nígbà tí ẹni tí wọ́n dárúkọ bá ṣì wà láàyè

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìwé bá tètè jáde yàtọ̀ pátápátá. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, Bisi Akande, gómìnà Ọ̀ṣun àná, kó ìwé rẹ̀, My Participations, jáde ní Èkó níṣojú Ààrẹ Muhammadu Buhari. Ó dárúkọ àwọn àgbà Afẹ́nifẹ́re, ẹgbẹ́ àwọn olóṣèlú Yorùbá, ó sì sọ ohun tí kò dùn mọ́ wọn nínú. Kí oṣù náà tó parí, Ayo Adebanjo, ọ̀kan lára wọn tó ti lé ní ẹni 90 ọdún, pe àwọn oníròyìn, ó sì fèsì kan tẹ̀ lé òmíràn. Aráàlú gbọ́ ẹnu méjèèjì. Àwọn kan ní ìtìjú ni kí àgbà máa bára wọn fà á lójú ọmọdé. Ṣùgbọ́n ìtìjú ọjọ́ mélòó kan sàn ju kí a sọ̀rọ̀ òkú tí kò lè yanu. Adebanjo kú ní oṣù kejì ọdún 2025. Ká ní ìwé náà dúró di ìgbà yẹn ni, ẹjọ́ ẹnìkan ni à bá máa gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Nasir El-Rufai, tó jẹ́ mínísítà Àbújá lábẹ́ Obasanjo. Ó tẹ The Accidental Public Servant jáde ní 2013, níbi tó ti sọ ohun tó rí nídìí ètò láti fún Obasanjo ní sáà kẹta lórí oyè. Obasanjo fèsì nínú My Watch ní 2014, kò sì fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ nípa ìwà ọmọ tó ti bá a ṣiṣẹ́. Olusegun Adeniyi kọ ìwé lórí bí Jonathan ṣe pàdánù ìbò 2015. Jonathan ní wọn kò sọ ọ́ bó ṣe rí, ó sì gbé tirẹ̀ jáde ní 2018.

Adeniyi kan náà, tó ṣe agbẹnusọ fún Ààrẹ Umaru Yar'Adua, ti fi hàn ní 2011 ohun tí ará inú ilé lè ṣe bó bá kọ ohun tó fojú rí. Yar'Adua lọ gba ìtọ́jú ní Saudi Arabia ní oṣù kọkànlá ọdún 2009. Òru ni wọ́n gbé e padà dé ní oṣù kejì ọdún 2010, ọkọ̀ aláìsàn ló sì gbé e láti pápákọ̀ òfurufú. Orílẹ̀-èdè kò rí i mọ́ títí ó fi kú ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún. Àwọn díẹ̀ tó yí i ká ló di ẹnu ọ̀nà mú, ìwé Adeniyi sì jẹ́ kí aráàlú mọ bí ààfin ṣe rí láwọn oṣù tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń ṣèjọba.

Òfin, ìbúra àti ilé ẹjọ́

Mínísítà kò lè wọlé iṣẹ́ láìbúra. Ìbúra tó wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè sọ pé kò gbọdọ̀ tú ọ̀rọ̀ tó bá dé iwájú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, àfi bí iṣẹ́ rẹ̀ bá béèrè fún un. Òfin àṣírí ìjọba ti ọdún 1962 ṣì wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 ti ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Síbẹ̀, ohun tó sábà máa ń lé ìwé dé ilé ẹjọ́ ní Nàìjíríà ni ẹ̀sùn ìbanilórúkọjẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí My Watch nìyẹn. Buruji Kashamu, olóṣèlú kan, gba àṣẹ ilé ẹjọ́ ní Àbújá pé kí wọ́n má gbé ìwé náà jáde. Obasanjo ní wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ kí àṣẹ tó dé, ó sì kó o jáde ní Ìkẹjà ní ọjọ́ 9 oṣù kejìlá ọdún 2014. Lọ́jọ́ kejì, Adájọ́ Valentine Ashi pàṣẹ pé kí ọlọ́pàá àti àwọn aṣọ́bodè gba ẹ̀dà rẹ̀ níbi yòówù kí wọ́n ti rí i. Àwọn tó ń tàwé mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀: ẹni tí kò ní in lọ́kàn láti ra ìwé náà yóò máa wá a kiri.

Òyìnbó náà ti rí èyí rí. Ìjọba Bìrìtìkó gbìyànjú láti dá ìwé ìrántí Richard Crossman, mínísítà wọn tẹ́lẹ̀, dúró ní 1975, kò ṣeé ṣe. Ní 1987 wọ́n fòfin de Spycatcher ti Peter Wright, òṣìṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọn tẹ́lẹ̀, ní England, àwọn èèyàn sì ń rà á bọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ti di ọ̀rọ̀ àṣírí mú gbọ́dọ̀ fi ìwé rẹ̀ han ìjọba kó tó tẹ̀ ẹ́. Frank Snepp ti CIA kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1980, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní kó kó èrè ìwé rẹ̀ fún ìjọba. John Bolton, tó ti ṣe olùdámọ̀ràn Trump lórí ètò ààbò, bá ìjọba Trump fà á ní 2020 lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ ti kúrò nílé ìtẹ̀wé, adájọ́ kò sì dá a dúró.

Bí ìwé ṣe ń délé òǹkàwé

Díẹ̀ nínú àwọn aláṣẹ ló ń fọwọ́ ara wọn kọ gbogbo rẹ̀. Ẹlòmíràn a máa sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, akọ̀ròyìn tó mọṣẹ́ a sì sọ ọ́ di ìwé. Agbẹjọ́rò a kà á, a fa ìlà sábẹ́ orúkọ tó lè di ẹjọ́. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ ìkójáde, pẹ̀lú alága, olùyẹ̀wò ìwé àti olùfilọ́lẹ̀ àgbà tí yóò ra ẹ̀dà kan ní iye tó lè kọ́lé. Owó ọjọ́ yẹn máa ń ju owó tí ìwé náà yóò pa nílé ìtàwé lọ. Àwọn tó ń ná an sì lè jẹ́ àwọn tí ìwé náà ì bá dárúkọ. Èyí kò sọ ìwé di irọ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kéèyàn bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n fò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìwé náà ti dé ọwọ́ àwọn tó ń tẹ́ ìwé ta lábẹ́ afárá àti nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, ẹ̀dà ayédèrú tí lẹ́tà rẹ̀ ti ṣá. Àwọn mìíràn ń fi PDF rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn òǹtàwé ní ẹ̀yìn ìwé, níbi tí atọ́ka orúkọ wà, ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ń kọ́kọ́ ṣí.

Ohun tó yẹ kó ká gbogbo èèyàn lára ni èdè. Gbogbo ìwé tí a dárúkọ níhìn-ín, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìyá tó ti ṣọ́ọ̀bù pa ní Òkè-Arin nítorí June 12, bàbá tí ọmọ rẹ̀ kò padà wálé látinú ìwọ́de, ohun tí ìwé ìròyìn Aláròyé bá tú sí Yorùbá tàbí tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò bá kà ní àárọ̀ ni wọ́n rí gbọ́. Wọ́n jìyà ọ̀rọ̀ náà ní Yorùbá. Ìjẹ́wọ́ rẹ̀ wá dé ní èdè tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè kà.

Àwọn ológun àti mínísítà tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìjọba ní 1993 tí wọ́n ṣì wà láàyè ti di arúgbó. Kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀ nísinsìnyí, nígbà tí àwọn tí wọ́n máa dárúkọ ṣì lè fèsì, kí wọ́n sì kó ìwé àti lẹ́tà ọwọ́ wọn fún Ilé Ìpamọ́ Ìwé Ìjọba tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, dípò kí wọ́n jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́ nílé. Kí ìjọba àpapọ̀ náà tẹ àbọ̀ Oputa jáde, kí wọ́n sì gbé àkọsílẹ̀ ìpàdé àwọn ológun ti oṣù kẹfà ọdún 1993 síta, kí àwọn ọmọ Abiola àti gbogbo ẹni tó dìbò lọ́jọ́ náà lè kà á fúnra wọn.